Bí Ọmọdé Ṣe Ń Kọ́ Ọ̀rọ̀-Ìṣe Gẹ̀ẹ́sì

Ọmọ tí wọ́n ń bá sọ Gẹ̀ẹ́sì lè kọ́kọ́ máa pe “went” bó ṣe yẹ, kí ó sì wá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ “goed”. Lójú tèmi, ìlọsíwájú ni, torí kò sí àgbàlagbà tó sọ ọ́ sí i létí: òun fúnra rẹ̀ ló yọ òfin “-ed” jáde láti inú “walked” àti “played”. Jean Berko, onímọ̀ nípa èdè ọmọdé ní Amẹ́ríkà, fìdí èyí múlẹ̀ ní 1958: ó fi ọ̀rọ̀ àtọwọ́dá bíi “gling” lọ àwọn ọmọdé, ó ní ọkùnrin inú àwòrán ṣe é lánàá, ọ̀pọ̀ wọn sì dáhùn pé “glinged”, ọ̀rọ̀ tí etí wọn kò gbọ́ rí. Ẹ má bá ọmọ wí. Bó bá ṣe ń gbọ́ “went” léraléra, “goed” yóò máa pòórá díẹ̀díẹ̀.