A ò tíì kí i

Sátidé, alẹ́

"Yọwọ́ rẹ níbẹ̀! A ò tíì kí i."

Màmá àgbà kan ló sọ ọ́ fún ọmọ ọmọ ẹ̀ léèbúté Èjìnrìn lọ́sàn-án òní, nígbà tí ọmọ náà fẹ́ ki ọwọ́ bọ omi. Kì í ṣe èmi ló ń bá wí. Kò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Aago mọ́kànlá ti fẹ́ẹ̀ lù báyìí, ọ̀rọ̀ náà ò tíì kúrò létí mi.

Ohun tí mo ṣe lónìí ò pọ̀. Mo wọ ọkọ̀ ìgbòkun ní Èjìnrìn, a rọra gba ojú ọ̀sà dé Ẹ̀pẹ́, mo ra ẹja, mo wọ mọ́tò wálé.

Bàbá ọlọ́kọ̀ ní ẹ́ńjìnnì o, ó fi ọ̀rá wé e sí ìdí ọkọ̀. Epo ti wọ́n jù, ó ní, ohun tí afẹ́fẹ́ máa ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló dé tóun á fi náwó sí i? Ó dúró títí atẹ́gùn ọ̀sán fi dìde láti ọ̀nà òkun, ó gbé òpó nàró, ó ta ìgbòkun. Àpò ìrẹsì ni wọ́n fi okùn àwọ̀n rán pọ̀. Mo kà á: mọ́kàndínlógún. Ọ̀kan dorí kodò, "50 kg" ara ẹ̀ kọjú sílẹ̀. Nígbà tí atẹ́gùn kún inú ẹ̀, ojú rírán yẹn fẹ̀, oòrùn wá ń gba ihò abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan wọlé, ó ń tò wínníwínní sórí itan ọmọ yẹn. Kò sí ariwo kankan. Omi nìkan ló ń lá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

Mi ò gbà pé omi ń gbọ́ ìkíni. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ níbí rí. Àmọ́ títí a fi gúnlẹ̀, èmi náà ò ki ìka kan bọ̀ ọ́.

Màmá yẹn bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Mi ò gbọ́, ètè ẹ̀ nìkan ni mo rí. Kò dà á nù. Ó tẹ ọwọ́ ẹ̀ wọ inú omi, ó jẹ́ kó fúnra ẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ló tó ní kí ọmọ wá fọwọ́ kàn án. Ọmọ náà fẹ́rìn-ín pa ara ẹ̀.

A ò tíì kí i. Kò ní èèwọ̀ ni. Kò ní omi á gbé e lọ. "Tíì" yẹn ló ń dà mí láàmú, nítorí ẹni tó bá ní "a ò tíì" ṣì fẹ́ ṣe é.

Bàbá wa máa ń ké "àgò o" kó tó wọ ilé ara ẹ̀, bí kò tiẹ̀ sí ẹnì kankan ńlé. Ilé yẹn náà. Kọ́kọ́rọ́ yẹn náà.

Nígbà tí Ẹ̀pẹ́ yọ lọ́ọ̀ọ́kán, Kòsọ́kọ́, ọba Èkó ayé àtijọ́, ló wá sí mi lọ́kàn. Orí ọ̀sà lòun náà gbà sá nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn ńlá lu Èkó lóṣù Kejìlá 1851, kó tó wá fìdí kalẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Akíntóyè tí wọ́n jọ ń du oyè, àbúrò bàbá ẹ̀ ni. Ọdún 1862 ló tó padà sí Èkó. Akíntóyè ti kú láti 1853. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo ń ṣírò ọdún bí ẹni tó jẹ gbèsè. Ọ̀rọ̀ oyè nìyẹn sá. Tiwa kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè.

Bọ̀dá ló yẹ kó kọ́kọ́ pè mí. Ó mọ ohun tó sọ lọ́jọ́ ìsìnkú.

Rárá. Èmi ni àbúrò. Àbúrò ló ń kúnlẹ̀, àbúrò ló ń kí. Àmọ́ bí àgbà bá ṣẹni ńkọ́... Ó ti sú mi.

Ẹja Ọjà Olúwo dùn ún wò lónìí! Àrọ̀ ń jà nínú ọpọ́n, èpìyà tó fẹ̀ bí àwo, òbòkún ń dán. Òbòkún méjì tó lágbára ni mo rà. Oníṣòwò bi mí pé, "Àǹtí, ṣé ẹ lálejò ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò lálejò.

Láti ibi tó ń so ẹja yẹn sínú ọ̀rá, mo ń rí òrùlé ilé Bọ̀dá. Mo wò ó títí ó fi fún mi ní ṣéńjì, mo wá lọ wọ mọ́tò.

Ọ̀kan ti wà nínú ìkòkò. Ìkejì wà nínú fíríìjì, mi ò tíì gé orí ẹ̀. Bọ̀dá kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá òun du orí òbòkún. Bí iná bá lè dúró mọ́jú...