Mo dá ọlọ́pàá padà kó tún ìrìn rìn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí kúkú mọ ọ̀rọ̀ Òkè Ìdànrè mi. Mo ṣì ń sọ ọ́: kí wọ́n gbé olú-ìlú ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ sórí òkè yẹn. Tí gómìnà àtàwọn kọmíṣánnà bá ń gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 láràárọ̀, ta ló máa lókun láti ru Ghana-must-go sọ̀kalẹ̀? Àwa mẹ́jọ la wà nínú ẹgbẹ́. Nígbà tí INEC fagi lé ẹgbẹ́ òṣèlú 74 ní 2020, wọn ò fagi lé tiwa. A ò tíì tó ẹni tí wọ́n ń fagi lé.

Ni mo bá pa iṣẹ́ fíìmù tí mo ń darí tì, mo di ajàjàgbara. Láàárọ̀ Sátidé, a kóra wa lọ síwájú Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, tàwa ti gbohùngbohùn. Kí n tó lanu, èrò ti pé. Orí mi wú! Àṣé kámẹ́rà ọrùn mi ni wọ́n rí. Ọkùnrin kan ti ń sunkún, ó ní kí n wo ohun tóun lè ṣe. Ẹkún gidi o! Ikun imú rẹ̀ kán sórí páálí wa, ó pa "Ìdà" rẹ́, ló bá ku "Òkè nrè".

Ọlọ́pàá kan yọ, ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bọ̀, fìlà rẹ̀ wọ́.

"Ta ni olórí yín?"

Orí burúkú ni, ẹnu mi ló yá: "Cut! Padà sẹ́yìn, tún fìlà yẹn dé, kó o fìbínú rìn bọ̀."

Mi ò tiẹ̀ fi "ẹ" sí i.

Ọjà pa lọ́lọ́. Ó wò mí, ó wo bàtà mi. Ó sì padà lóòótọ́! Ó tún fìlà dé, ó gbé àyà síta: "TA NI OLÓRÍ YÍN?!" Èrò pàtẹ́wọ́. Ó wá rọra bi mí pé ìgbà wo ni fíìmù náà yóò jáde.

Mo ti ń mí, àfi ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan tó ń ka ìwé wa. "Ẹ gbà mí! Ọmọ yìí fẹ́ gbé olú-ìlú kúrò ní Àkúrẹ́, ọjà Àkúrẹ́ náà ló ti wá ń sọ ọ́!"

Pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n mi, mi ò ronú débẹ̀ rí. Ìyá ní kò burú, kí n kọ́kọ́ sanwó fíìmù èṣí, èyí tóun ti ṣe ìyá ọkọ, tóun tún fi ẹ̀lùbọ́ òun rokà fún gbogbo wa.

Mo bojú wo ọlọ́pàá kó gbà mí. Ó ti padà sí àyè rẹ̀, ó ń dúró de "Action".