Ọkàn nìkan ló pẹ́ ni, àbí gbogbo ara rẹ̀?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ yìí, ìyẹn ìwádìí bí ẹ̀yà ara ẹ̀dá ṣe ń jẹyọ, ìbéèrè kan wà tí ọ̀gá mi bi mí ní ọdún kejì tí mo wà lẹ́nu ìwádìí. Òun ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́.

Ẹja zebrafish la fi ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ọlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ọmọ ẹja tí kò tíì jáde nínú ẹyin, mọ́ gaara bí omi, èèyàn á máa wo inú rẹ̀ láìfi abẹ kàn án. Bí ooru omi rẹ̀ bá wà ní ìwọ̀n 28.5 Celsius, ọkàn rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù ní nǹkan bí wákàtí 24. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lásán ni ọkàn náà nígbà yẹn. Tó bá fi máa di wákàtí 48, ọ̀pá náà á ti tẹ̀, á ti pín sí yàrá méjì, ọ̀kan tí ń gba ẹ̀jẹ̀ wọlé àti ọ̀kan tí ń tì í jáde, wọ́n á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo dín agbára jíìnì kan, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn àṣẹ tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, kù nínú àwọn ọlẹ̀ kan, mo sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà tí wákàtí 48 pé, ọkàn àwọn tí mo fọwọ́ kàn kò tíì tẹ̀ tán. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ayọ̀ ò jẹ́ kí n sùn. Mo gbà pé mo ti rí jíìnì tí í tẹ ọkàn. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń tún un ṣe, èsì kan náà ló ń jáde.

Ọ̀gá mi tẹjú mọ́ àwọn àwòrán mi títí. Ó wá ní, "Ọkàn nìkan ló pẹ́ ni, àbí gbogbo ara rẹ̀?"

"Mà, ọkàn ni mo ń wò."

"Mo mọ̀. Lọ wo lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

Mo padà sídìí máíkírósíkóòpù. Lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ wọn ṣì kéré. Orí wọn ṣì tẹ̀ sórí àyà ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Kò sí ohun tó ṣe ọkàn wọn, wọn ò tíì dàgbà tó ni. Ìńkúbétọ̀, àpótí tí a ń kó ọlẹ̀ sí kí ó lè móoru, méjì ló wà ní yàrá ìwádìí wa. Àkọ́kọ́ máa ń kún, nítorí náà, ìkejì ni mo ń kó àwọn tí mo fọwọ́ kàn sí. Nígbà tí mo wá ka ooru rẹ̀, 25 ni mo bá níbẹ̀. Ní ìwọ̀n 25, ọlẹ̀ á máa rọra dàgbà: ohun tó bá ní lára ní wákàtí 48, nǹkan bí wákàtí 39 ni àwọn tó wà ní 28.5 ti ní in. Aago ara ògiri ni mo ń kà, ọlẹ̀ sì ní aago tirẹ̀. Mo kó gbogbo wọn sí ojú kan, mo tún iṣẹ́ ṣe, ọkàn wọn sì tẹ̀ dáadáa. Jíìnì tí mo pariwo rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà.

Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ohun tí mo ti ń kà nínú ìwé ti wá yé mi, pé àsìkò àti ojú ibi ni bí ẹ̀yà ara ṣe ń jẹyọ dá lé.

Ẹ rò ó wò. Sẹ́ẹ̀lì ọkàn àti sẹ́ẹ̀lì ojú, DNA kan náà, ìyẹn ìwé àṣẹ tí gbogbo jíìnì wà nínú rẹ̀, ló wà nínú wọn. Lọ́dún 1962, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, John Gurdon, mú kóró, ìyẹn ibi tí DNA wà, nínú sẹ́ẹ̀lì ìfun légbénlégbé, ìyẹn ọmọ àkèré tí kò tíì lẹ́sẹ̀, ó fi sínú ẹyin àkèré tí wọ́n ti pa kóró tirẹ̀, àwọn kan nínú ẹyin náà sì di légbénlégbé tí ń lúwẹ̀ẹ́. Sẹ́ẹ̀lì ìfun kò tíì sọ ohunkóhun nù nínú ohun tí a fi ń ṣe odindi ẹ̀dá. Ó kàn pa àwọn ojú ewé kan dé ni. Iṣẹ́ tiwa ni láti wádìí ẹni tó pa wọ́n dé, ìgbà tó pa wọ́n dé, àti ibi tó ti ń pàṣẹ.

Ibi tí àṣẹ ti ń wá gan-an ló máa ń yà mí lẹ́nu jù. Jíìnì bí 20,000 tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé láti ṣe puròtéènì ló wà nínú DNA èèyàn, apá tó ń sọ bí puròtéènì náà ṣe máa rí kò sì tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo lẹ́tà tí a fi kọ DNA. Nínú èyí tó kù ni àwọn súwíìṣì wà, ìyẹn àwọn apá DNA tí í tan jíìnì tàbí pa á. Ẹ mú jíìnì tí wọ́n ń pè ní Sonic hedgehog. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ, ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, òun náà ló ń sọ fún ọwọ́ pé ibí ni àtàǹpàkò máa wà, ọ̀hún ni ọmọńdinrín máa wà. Súwíìṣì tí í tan án nínú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jìnnà sí i tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan lẹ́tà, inú jíìnì mìíràn tí ọ̀rọ̀ ò kàn ló sì fi ṣe ilé. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí padà nínú súwíìṣì yìí, wọ́n lè bí ọmọ ní oníka mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, jíìnì fúnra rẹ̀ pé perepere. Bí a bá yọ súwíìṣì náà kúrò lára eku, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á gé kúrú, ọpọlọ rẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n. Ejò pẹ̀lú ní súwíìṣì náà, àmọ́ tirẹ̀ ti bàjẹ́. Lọ́dún 2016, àwọn olùwádìí gbé ti ejò sí ojú ti eku, ọmọ eku sì jáde pẹ̀lú kùkùté ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ti ka jíìnì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin tí ẹ ò rí àléébù, ẹ má tíì dá a láre. Ẹ lọ wo àdúgbò rẹ̀, kí ẹ sì wò ó jìnnà.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ tí a ń sọ jíìnì, mo bẹ̀ yín. Gbogbo yín ló ti gbọ́ nípa eyeless, jíìnì eṣinṣin tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí "aláìlójú". Lọ́dún 1995, àwọn tó ń bá Walter Gehring ṣiṣẹ́ ní Basel, ní Switzerland, tan jíìnì yìí ní ibi tí ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ eṣinṣin ti ń hù, ojú sì hù síbẹ̀. Wọ́n lo irú rẹ̀ tó wà lára eku, ojú tún hù, ojú eṣinṣin sì ni, kì í ṣe ti eku. Títí dòní, orí mi máa ń wú tí mo bá ń kọ́ ènìyàn ní èyí. Síbẹ̀, ẹni tó bá pè é ní "jíìnì ojú" ti ṣi ọmọ lọ́nà. Lára eku àti èèyàn, jíìnì yìí kan náà, Pax6, ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ àti nínú pancreas, ẹ̀yà ara tí ń ṣe insulin. Lára eṣinṣin pẹ̀lú, kì í ṣe gbogbo ibi tí ẹ bá ti tan án ni ojú máa hù. Ó nílò ẹgbẹ́, ó sì nílò ibi tó ti ṣe tán láti gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ àsìkò yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ ìyá sunkún. Láàárín ọdún 1957 sí 1962 tí àwọn aláboyún fi lo oògùn thalidomide fún èébì àárọ̀, ó lé ní 10,000 ọmọ tí oògùn náà ṣe lára nínú oyún. Oògùn kan náà ni, ọjọ́ tí ìyá lò ó ló ń sọ bóyá etí ló máa kàn tàbí apá. Nǹkan bí ọjọ́ 20 sí 36 lẹ́yìn tí oyún dúró ni àsìkò tó léwu náà. Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọ wákàtí sínú ìwé iṣẹ́ yín, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ohun tí mò ń ṣe nísinsìnyí kò ju báyìí lọ. Mo máa ń kọ ooru ìńkúbétọ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo máa ń ka àwọn ìdì iṣan tó tò sí ẹ̀yìn ọlẹ̀, torí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀kan ń yọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 síra wọn, ọjọ́ orí tí ọlẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ nìyẹn. Mo máa ń ní kí ẹlòmíì fi orúkọ àwo tí ọlẹ̀ wà nínú rẹ̀ pa mọ́ fún mi kí n tó wò wọ́n. Bí mo bá fi morpholino, ìyẹn èròjà tí a ń fi dí jíìnì lọ́wọ́, dín jíìnì kù, mo tún máa ń wá ẹja tí jíìnì náà ti bàjẹ́ lára rẹ̀ láti ìbí, torí pé lọ́dún 2015, wọ́n fi hàn pé ọ̀pọ̀ ohun tí morpholino ń fi hàn kì í sí lára irú ẹja bẹ́ẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn mìíràn tún fi hàn pé ẹja tó pàdánù jíìnì kan lè ta jíìnì mìíràn jí láti dí àlàfo náà. Èmi kì í fi ẹlẹ́rìí kan dá ẹjọ́ mọ́.

Kí ẹ tó pa jíìnì kankan, ẹ ya odindi ọjọ́ kan sọ́tọ̀. Ẹ gbé ọlẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn sábẹ́ máíkírósíkóòpù láti wákàtí 24, kí ẹ má béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ ṣáà máa yàwòrán rẹ̀ ní wákàtí wákàtí títí di 48. Ẹ ó rí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn tí yóò máa lù bó ti ń tẹ̀, tí kò ní dúró sinmi kó tó di ọkàn.