Ihò inú igi sọ mí di òpùrọ́
Ẹ kí mi kú iṣẹ́ òfo o. Láti àárọ̀ ni mo ti tẹjú mọ́ maikirosíkóòpù, mò ń wọn bí ihò tí omi ń gbà nínú igi ṣe fẹ̀ tó. Aró pupa safranin ti mú un dáadáa, ihò yọ roboto-roboto bí ojú asẹ́. Mo wọn 25. Èyí tó kéré jù jẹ́ máíkírómítà 400 (1,000 irú rẹ̀ ló wà nínú mìlímítà kan)! Inú mi ń dùn, àṣé mo ti yí awò láti èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10 sí ti ìlọ́po 40, n ò sì tún ìwọ̀n ṣe. Ìlà kan lórí ìwọ̀n inú maikirosíkóòpù tí mò ń kà sí máíkírómítà 10, 2.5 péré ni. 400 mi di 100. Ọrùn mi ti gan. Mo lè fi 4 pín gbogbo rẹ̀, àmọ́ ọkàn mi ò gbà á. Ọ̀la ni n ó tún un wọn.