2025: Ọdún tí wọ́n ń bi wá pé kí ni Bọ̀dá ṣe

Ẹ kú ọdún o, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé tí December bá ti ń parí lọ báyìí, mo máa ń to oṣù lọ́kọ̀ọ̀kan, mo máa sọ ti iṣẹ́, ti owó ilé, ti òde tí mo lọ. Tọdún yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kí n sọ ohun tí mo ṣe lóṣù kẹta tàbí oṣù karùn-ún, mi ò lè sọ, àìsàn Bọ̀dá mi ti gbé gbogbo ẹ̀ mì.

Bọ̀dá náà lẹ mọ̀ yẹn, àwọn tó máa ń pè mí ní Akọ̀wé. Ẹsẹ̀ wọn ló kọ́kọ́ wú lóṣù kìíní, a rò pé ìrìn ló fà á, kí àyẹ̀wò tó jáde, kídìnrín méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé ó ti pẹ́ lára wọn, àwa ń pè é ní orí fífọ́, oògùn orí fífọ́ la sì ń lò sí i. Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fọ kídìnrín nìyẹn. Wọ́n ki rọ́bà bọ iṣan ọrùn wọn, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀rọ, wákàtí mẹ́rin lórí àga, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde, á máa padà wọlé. Dókítà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, agbára wa ò ká ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ọ̀sẹ̀ míì sì wà tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, tí ojú wọn á wú títí.

Gbogbo ìyẹn le, àmọ́ ìbéèrè àwọn èèyàn ló dùn mí jù. Kí ni wọ́n ṣe? Ṣé wọn kì í mu paraga ní kọ̀rọ̀ báyìí? Ṣé kì í ṣe ilẹ̀ bàbá yín tí wọ́n pín lọ́jọ́sí ló ń jà? Àgbà ìjọ kan wá kí wa, wọ́n jókòó, wọ́n ṣí Bíbélì, wọ́n ní kí Bọ̀dá jẹ́wọ́, pé Ọlọ́run ò ní ṣàdédé na ọmọ ẹ̀ lẹ́gba. Bọ̀dá tí ètè ti gbẹ, tí pílásítà funfun wà lọ́rùn wọn, wọ́n rọra fa tówẹ́ẹ̀lì bo rọ́bà yẹn bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ, wọ́n ní "Ẹ ṣé, sà." Mi ò ní gbàgbé tówẹ́ẹ̀lì yẹn.

Ẹjọ́ tí wọ́n dá yẹn sì ná wa lówó o. Ẹgbẹ́ ọkùnrin ti ń dáwó jọ tẹ́lẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ jíjẹ́wọ́ wọ̀ ọ́, ó di "ẹ jẹ́ ká ní sùúrù ná, ká wo ibi tó máa já sí." Bọ̀dá ò rí kídìnrín fọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn.

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé. Ẹ ka Jòhánù orí kẹsàn-án, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rí afọ́jú, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni ta ló ṣẹ̀, ṣé òun ni àbí àwọn òbí ẹ̀. Jésù ní kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí ẹ̀, ó tutọ́ sílẹ̀, ó fi po amọ̀, ó fi ra ọkùnrin náà lójú. Nínú Lúùkù 13 náà, ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa èèyàn 18, Jésù ní kí wọ́n má rò pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn yẹn ló ju ti gbogbo ará Jerúsálẹ́mù lọ, àwọn tí ilé ò wó pa ló kọjú sí pé kí wọ́n ronú pìwà dà. Mi ò sọ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀, mi ò sì sọ pé kí ìjọ má bá èèyàn wí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ kọ́ lẹ máa jókòó ti tẹ́ ẹ máa bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọmọbìnrin kan. Ìjọ wa kan náà ló wà, wọ́n yọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin lọ́dún tó kọjá torí oyún, wọ́n ní kó máa jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Òun ló ń wá. Ọmọ á wà lẹ́yìn ẹ̀, fúláàsìkì yìnyín á wà lọ́wọ́, torí pé ẹni tí kídìnrín ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ ò gbọdọ̀ mu omi bó ṣe wù ú, díẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n fún un lójúmọ́, òùngbẹ á wá máa gbẹ ẹ́ bí nǹkan míì. Á fi ṣíbí fọ́ yìnyín sí wẹ́wẹ́, á ní "Bọ̀dá, ẹ lá díẹ̀." Kò bi wá ní ìbéèrè kankan rí. Tí Bọ̀dá bá ti fẹ́ sùn lọ, á máa kọrin sí wọn létí, ohùn álítò yẹn gan-an tí wọ́n ní a ò gbọdọ̀ gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn nọ́ọ̀sì á rẹ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́. Ọlọ́run ló máa san án fún un, tèmi ò lè tó.

Lóṣù kẹjọ, ìjọba àpapọ̀ kéde pé fífọ kídìnrín máa wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000 láwọn ọsibítù wọn kan, UCH n'Íbàdàn àti FMC l'Ábẹ́òkúta wà nínú ẹ̀. Ariwo tá a pa nílé lọ́jọ́ yẹn, ará ilé kejì rò pé ẹnì kan bímọ ni. Àmọ́ ara Bọ̀dá ti rẹ̀, ọkàn wọn ti ń lù ségesège.

Wọ́n lọ lóṣù kẹwàá. Wọ́n ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé táwọn bá dé ọ̀hún, káwọn tó kí Ábúráhámù rárá, omi tútù láwọn máa kọ́kọ́ béèrè, ife ńlá, kí Lásárù má wulẹ̀ fi ìka bọ̀ ọ́ wá. A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ìyàwó wọn ló rẹ́rìn-ín jù. Ẹ jẹ́ n dúró síbẹ̀ yẹn.

Àgbà ìjọ yẹn wá síbi ìsìnkú, wọ́n sunkún débi pé wọ́n ní láti dì wọ́n mú. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó wọn wá sọ fún ìyàwó Bọ̀dá pé àtọjọ́ tí wọ́n ti ti ilé wa bọ̀ ni ọkọ àwọn ò ti rí oorun sùn dáadáa, pé BP tiwọn náà ga, wọn ò sì fẹ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ìgbà yẹn ló wá yé mi pé ẹ̀rù ni. Tí Bọ̀dá bá ti jẹ̀bi nǹkan kan, á jẹ́ pé irú ẹ̀ ò lè kan àwọn.

Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù jókòó tì í lọ́jọ́ méje lọ́sàn-án àti lóru, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀, ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n bà á jẹ́. Ibi tó ń le fún mi ni ìparí ìwé yẹn, tí Ọlọ́run ní kí Jóòbù gbàdúrà fún wọn. Mò ń gbìyànjú ẹ̀. Ọjọ́ míì wà tí mo máa kúnlẹ̀, orúkọ yẹn ò ní jáde lẹ́nu mi.

Ní ti 2026, mi ò ṣèlérí ńlá. Pásítọ̀ ti gbà ká máa yẹ BP wò lẹ́yìn ìsìn ní Sunday àkọ́kọ́ oṣù, nọ́ọ̀sì méjì nínú ìjọ ti gbà láti ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọbìnrin yẹn ló máa máa kọ orúkọ, lórí tábìlì iwájú. Wọn ò tíì dá a padà sí kúáyà, a ṣì ń bá wọn sọ ọ́. Àgbà ìjọ yẹn pè mí lánàá, wọ́n ní kí n bá àwọn fi orúkọ sílẹ̀ fún ti January. Mo ti fi ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin yẹn, àwọn ni ẹnì kẹta.