Nígbà tí ọwọ́ ọkọ̀ mi fúyẹ́ jù

Lẹ́yìn tí mo sọ bọ́ọ̀sì àtijọ́ mi di ilé tí ń rìn, tí mo to bẹ́ẹ̀dì àti táǹkì omi sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo ṣàkíyèsí láàárín Ìlọrin sí Àjàṣẹ́-Ìpo pé ọwọ́ rẹ̀, ìyẹn sítíárì, fúyẹ́ jù, ó sì ń yà kiri bí tírélà bá ti kọjá. Mẹkáníìkì ní kí n pààrọ̀ sítíárì lódindi, èmi kò gbà. Lítà omi 1 tó kílò 1. Lítà 150 tó wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn ń dín ìwúwo iwájú kù, táyà iwájú kò sì di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́. Mo gbé táǹkì wá sí àárín, mo pààrọ̀ tai-rọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó so sítíárì mọ́ táyà iwájú, torí ó ti gbó, mo sì ṣe aláìnmẹ́ǹtì, ìyẹn títo táyà kí wọ́n lè dojú kọ ọ̀nà dáadáa. Ìyàwó mi ti ń sùn báyìí kí a tó dé Ọ̀fà.