Patrick kan àgbá, Bridget ta ọjà: Ireland àti Boston

Ọdún márùn-ún ni mo lò ní Dublin kí n tó kó wá sí Boston, torí náà tẹ́ ẹ bá bi mí pé èwo ló sàn nínú méjèèjì, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mí ná. Ní Ireland, téèyàn bá fẹ́ sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì á dúpẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà, àtọmọdé àtàgbà ló ń ṣe é. Mo gbé àṣà yẹn débí, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, dírẹ́bà wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ yáwó lọ́wọ́ ẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ ni mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ Patrick Kennedy ni, bàbá tó bí bàbá àgbà John F. Kennedy tó ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà, torí ọ̀nà kan náà lèmi àti ẹ̀ jọ gbà, òun nínú ọkọ̀ ojú omi, èmi nínú bàálù.

Mo ti dé Dunganstown tí wọ́n ti bí i, ìtòsí New Ross ni, ní Wexford. Ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, koríko ní ọ̀tún koríko ní òsì, màlúù ń jẹ̀, ẹ ó máa bi ara yín pé báwo ni ebi ṣe pa èèyàn níbí. Ṣebí ilẹ̀ ọ̀hún ni kì í ṣe tiwọn! Ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń san fún onílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílẹ̀ yẹn England ni wọ́n jókòó sí. Ọkà tí wọ́n bá gbìn àti bọ́tà tí wọ́n bá ṣe, títà ni, kí owó ilẹ̀ lè pé, ọ̀dùnkún ni tálákà ń jẹ láàárọ̀ lọ́sàn-án lálẹ́, àgbà ọkùnrin kan lè jẹ tó pọ́n-ún 12 lójúmọ́ pẹ̀lú omi wàrà kíkan. (Àwa náà ṣáà ń pè é ní Irish lọ́jà, bẹ́ẹ̀ South America ló ti wá o.) Nígbà tó di 1845 àrùn kọlu ọ̀dùnkún yẹn, ewé ẹ̀ dúdú, tí wọ́n bá hú u, ó ti rà, ó ń rùn. Títí di 1852, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn ló kú, ó lé ní mílíọ̀nù kan tó sá jáde nílùú. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni pé ọkọ̀ ṣì ń kó ọkà àti bọ́tà lọ sí England ní gbogbo àkókò yẹn.

Wexford ò tiẹ̀ wà lára ibi tó le jù, ẹ má jẹ́ ká fi ti Patrick ṣe ìtàn alágbe. Ẹ̀gbọ́n ló wà níwájú ẹ̀, oko ò sì ṣeé pín wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Àmọ́ ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kan àgbá ní ilé iṣẹ́ ọtí kan ní New Ross, nígbà tó máa fi di 1849 ó ti wà ní Boston. Wọ́n so ọkọ̀ kan mọ́ etí odò ní New Ross báyìí, Dunbrody, wọ́n kàn án bíi ti ayé ọjọ́un. Mo wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀, orí mi ń fẹ́ kan pákó, wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì kan báyìí ẹbí kan lódindi ló ń sùn síbẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo lò tí mo ti jáde.

East Boston tó sọ̀ sí, ọkọ̀ ni wọ́n ń kàn níbẹ̀, ọkọ̀ ò sì lè rìn láìsí àgbá omi, àgbá ìyẹ̀fun, àgbá ọtí, kíá ló ríṣẹ́. Ó fẹ́ Bridget Murphy, ọmọ Wexford bíi tiẹ̀, ní September 1849. Owó ń wọlé, kò sí ìṣákọ́lẹ̀ mọ́, ẹran tó jẹ́ pé ọdún ni tálákà ń rí i nílé, ó wà lọ́jà níbí. Ilé ni wàhálà. Ní Dunganstown afẹ́fẹ́ pọ̀ oúnjẹ ló wọ́n, ní Boston oúnjẹ wà, ẹbí mélòó kan há mọ́ ilé kan, ṣáláńgá ẹyọ kan lẹ́yìnkùlé. Ìwádìí tí Lemuel Shattuck ṣe fún ìlú Boston ní 1845 fi hàn pé nínú àwọn Irish Kátólíìkì tí wọ́n ń sin, ó lé ní ìdajì tí kò tíì pé ọmọ ọdún 5. John ọmọ Patrick náà kú ní kékeré. Nígbà tó di 1854 ẹgbẹ́ Know Nothing tí ò fẹ́ rí àjèjì sójú gba ìjọba ìpínlẹ̀ náà. November 22, 1858, Patrick kú, ẹni ọdún 35. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin, P.J., ò tíì pé ọdún kan.

Ibí yìí ni mo ti máa ń bínú sáwọn tó ń sọ ìtàn yìí, Patrick Patrick ṣáá! Opó ọlọ́mọ mẹ́rin ni Bridget. Ó ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, ó ń tọ́jú kọ́bọ̀ kọ́bọ̀, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Border Street, nǹkan wẹ́wẹ́ ló ń tà, ó ń fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. P.J. ṣiṣẹ́ ní èbúté, ó ra ilé ọtí, ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Massachusetts. Ìyá ẹ̀ fojú ara ẹ̀ rí i, 1888 ló tó kú.

Lọ́dún 1963, ní June, John F. Kennedy padà sí Dunganstown, ó mu tíì lọ́dọ̀ Mary Ryan, mọ̀lẹ́bí wọn tó ṣì wà lórí ilẹ̀ yẹn. Ó sọ fún àwọn ará New Ross pé nǹkan méjì péré ni bàbá ńlá òun gbé dání nígbà tó ń lọ, ìgbàgbọ́ àti ìfẹ́ òmìnira. Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ ò sí ńbẹ̀ ni? Oṣù márùn-ún sí i, November 22, wọ́n yìnbọn pa á, ọjọ́ tí Patrick kú gan-an, ọdún 105 sí i.

Lọ́jọ́ Sátidé, tí mo bá fẹ́ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ọkọ̀ Blue Line ni mo máa ń wọ̀ lọ sí Maverick, East Boston náà nìyẹn. Èdè Spanish ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ báyìí. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù tí mo máa ń rà lọ́wọ́ ẹ̀, ọmọ ẹ̀ a jókòó sórí páálí lẹ́yìn káńtà, a máa ṣe họ́mùwọ́ọ̀kì ẹ̀. Tí mo bá dúpẹ́, òun máa ń dá mi lóhùn.